Bàbá Ìjọ Sá Wọ Igbó

Ohun tó lé Jethro Akínsànyà kúrò nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó fi owó kòkó kọ́ sí ìlú Oǹdó kì í ṣe ìjà, kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ọ̀tá. Àdúrà ni. Wọ́n gbàdúrà fún un títí ó fi sá.

Nígbà tí wọ́n fi í jẹ oyè Bàbá Ìjọ, ó rò pé iṣẹ́ oyè náà kò ju kí òun máa jókòó sí àga iwájú, kí òun sì máa tòògbé nígbà ìwàásù láìsí ẹni tí yóò fi ìgbọ̀nwọ́ gún òun níhà. Kò mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ Bàbá Ìjọ ti di ojúbọ, ojoojúmọ́ ni wọn yóò máa wá a. Ẹgbẹ́ akọrin á dé láàárọ̀, wọn á gbàdúrà. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá á dé lọ́sàn-án, wọn á gbàdúrà, wọn á sì dúró jẹun. Bí oòrùn bá ń wọ̀, katikíìsì á yà, á gbé ọwọ́ lé bàbá lórí, ọwọ́ ọ̀hún á sì wúwo bí ìgbà tí èèyàn gbé ọlọ lé e. Nígbà kan, Jethro bi katikíìsì pé ṣé Ọlọ́run kò tíì gbọ́ ni. Katikíìsì rò pé ìbéèrè ìgbàgbọ́ ni, ó bá tún àdúrà náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọdé ti di akẹ́kọ̀ọ́. Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ti àwọn onígbàgbọ́ àti ààwẹ̀ Ràmàdáànì ti àwọn mùsùlùmí sì bọ́ sínú ara wọn lọ́dún náà, ebi wá di ohun àmúyangàn láti Oǹdó títí dé Àkúrẹ́. Mary, ìyàwó Olúrántí tí í ṣe àkọ́bí Jethro, ló ń ṣàkóso ilé. Hẹ́dìmásítà ni Olúrántí, ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé, Mary ni hẹ́dìmásítà. Mary kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ́ràn bàbá ọkọ rẹ̀ dọ́kàn, ìdí nìyẹn tó fi ń febi pa á. Níṣojú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ló ti kéde pé Bàbá Ìjọ kò ní fẹnu kan ẹran títí Àjíǹde á fi dé, kí àwọn ọ̀dọ́ lè rí àpẹẹrẹ rere. Ibẹ̀ ni Jethro fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, agolo aṣáà rẹ̀ náà ti wábi gbà.

Ògì ló wá fọ́ ọ̀rọ̀ náà lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, pásítọ̀ yà kí wọn, ó ní kí òun súre sí oúnjẹ bàbá. Àdúrà náà ti ọ̀dọ̀ Ábúráhámù bẹ̀rẹ̀, ó gba ilẹ̀ Íjíbítì kọjá, kò sì kánjú. Jethro la ojú kan. Ó rí i tí ògì rẹ̀ ń dì, tí eṣinṣin kan bà lé e, tó rìn ín yí ká bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, tó sì fò lọ láìfẹnu kàn án. Ohun tí eṣinṣin kọ̀, òun ni wọ́n fẹ́ kí Bàbá Ìjọ mu. Kí àdúrà tó dé Kénáánì, Jethro ti mọ ohun tí yóò ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ń lọ wo kòkó. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni ẹni tó fẹ́ wo kòkó fẹ́ fi ẹní, ìṣasùn, iṣu, ìgò epo, iyọ̀ àti ata gbígbẹ ṣe. Ó gbé àdá sí abíyá, ó wọ lọ́rì Johnson, dírẹ́bà kan tó ń ná ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́. Lọ́rì Johnson kò ní búrẹ́kì gidi, ẹnu rẹ̀ náà kò ní. Jethro sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró, ó la oko kòkó rẹ̀ já, kò tilẹ̀ wo kòkó ọ̀hún. Ó kọjá odò kékeré kan lórí ìtì igi tí wọ́n fi ṣe afárá, ó wọ inú igbó tí bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àáké kàn. Ìrókò wà níbẹ̀, arère wà níbẹ̀, ọ̀pẹ sì pọ̀ létí omi. Ahéré tó kọ́ síbẹ̀ nígbà tí egungun rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu ti di oúnjẹ ikán.

Kò bínú. Ó bọ́ ẹ̀wù. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bú ìrókò kan láìnídìí, ìrókò náà kò sì gbàdúrà fún un.

Ó gé àwọn igi tó ní ẹ̀ka méjì lórí, ó fi àdá gbẹ́ ihò, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ bí òpó. Ó fi ọparun dábùú orí wọn, ó fa ìtàkùn, ó fi dì wọ́n. Ó já imọ̀ ọ̀pẹ àti ewé gbòdògì, ó tẹ́ wọn léra láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí omi lè máa ṣàn kọjá lórí wọn. Iṣẹ́ tí kì í gbà á ju àárọ̀ lọ láyé àtijọ́ wá di iṣẹ́ odidi ọjọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Nígbà tó parí, àgọ́ náà tẹ̀ sí ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfófó. Jethro tẹ orí sí ọ̀tún, ó wò ó, ó rí i pé ó dúró ṣánṣán.

Ọdẹ kan tó ń kọjá ta ọ̀yà fún un. Ó wí irun rẹ̀ lórí iná, ó là á, ó fi iyọ̀ àti ata pa á lára, ó gún un mọ́ igi, ó gbé e sókè ẹyin iná. Ó ti iṣu bọ inú eérú gbígbóná. Ẹlẹ́mu tó ń dá ẹmu nítòsí ti gbé akèrègbè kan kalẹ̀ fún un. Nígbà tí ọ̀rá ọ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú iná, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo igbó, Jethro gbójú sókè.

"Olúwa, o ṣeun," ló wí. "Ó tó."

Ó bá jẹun. Láti ìgbà tó ti jẹ oyè, kò tíì gbọ́ àdúrà tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìgbádùn náà já. Ó jókòó síwájú àgọ́, ó ń fọ egungun tó kù, nígbà tí ewé ń pariwo lẹ́bàá odò. Olúrántí ló yọ, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé kakí àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí ẹ̀gún ti fà ya. Mary ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé Bíbélì lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé abọ́ onídèérí lọ́wọ́ òsì. Johnson ti sọ fún wọn pé òun já bàbá wọn sílẹ̀ lẹ́nu igbó, pé ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí kò ní í padà.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbí?" ni Olúrántí bi í.

Jethro yọ egungun lẹ́nu kó tó dáhùn. "Mò ń gbààwẹ̀."

Mary ti kúnlẹ̀, ó ti kí i tán, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára egungun náà. "Bàbá, ẹran nìyẹn."

"Ó ti jẹ́ ẹran rí. Kò jẹ́ ẹ mọ́."

Omi bọ́ lójú Mary. Ó ní gbogbo ìjọ ló máa sọ pé òun lòun lé Bàbá Ìjọ wọ igbó, pé òun ò ní í mọ ojú tí òun á fi wò wọ́n. Ó ṣí abọ́ náà. Ẹ̀wà sísè ni, kò ní epo, kò sì ní ata. Ẹ̀wà náà wo Jethro, Jethro wo ẹ̀wà. Bí obìnrin náà ṣe ń sunkún ń dùn ún, torí pé ó mọ̀ pé ọkàn rere ló ní. Ṣùgbọ́n kí ó tó rí ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ, ohùn mìíràn ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn odò, ohùn náà sì ti ń jà kí ẹni tó ni ín tó dé.

Moríyọ̀ ni, ọmọbìnrin Jethro tó wà nílé ọkọ ní Arakale ní Àkúrẹ́, níbi tó ti ń ta abọ́ tánganran. Ó ru ìkòkò irin ńlá kan, àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e bí ọmọ adìyẹ. Bùsàrí ọkọ rẹ̀ ló kẹ́yìn, ó di ẹní àti àpò iṣu mọ́ èjìká. Johnson kan náà ló gbé ìròyìn dé Arakale, ìròyìn sì ti sanra lójú ọ̀nà. Kó tó dé ìsọ̀ Moríyọ̀, Mary ti ju ẹrù bàbá láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Ìyàwó," ni Moríyọ̀ wí bó ṣe sọ ìkòkò kalẹ̀, "kí ni bàbá wa fi ṣe ọ́ tí o fi lé wọn wọ igbó?"

"Àǹtí Moríyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ta ló lé wọn? Ẹ bi wọ́n, wọ́n kúkú wà níbí."

"Wọ́n á sọ pé o ò lé wọn. Ìwọ lò ń se oúnjẹ wọn."

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ, Bùsàrí ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ewé, kò sì sẹ́ni tó ní kó dìde. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, mùsùlùmí ni, oníṣòwò ni. Jethro kò lòdì sí ìgbéyàwó náà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò jókòó tì í rí láti ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá pàdé, ó máa ń kí i bí èèyàn ṣe ń kí aládùúgbò tí ewúrẹ́ rẹ̀ ti jẹ ẹ̀fọ́ ẹni. Ó wò ó nílẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Dìde, ilẹ̀ tutù." Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó bá a sọ lọ́dún náà nìyẹn.

Òjò ló bá wọn parí ìjà. Òjò àkọ́rọ̀ ni, oníjì, irú èyí tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Gbogbo wọn sá wọ àgọ́ Jethro, àgọ́ tí a kọ́ fún ẹnì kan. Moríyọ̀ jókòó lé Mary lẹ́sẹ̀, àwọn ọmọ jókòó lé ìyá wọn, Olúrántí sì tẹ orí ba nítorí òrùlé. Afẹ́fẹ́ fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àgọ́ náà rìn sí òsì. Ó fẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, àgọ́ náà rántí ọ̀tún. Nígbà tó fẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó kúnlẹ̀ lé gbogbo wọn lórí, tòun ti ewé, tòun ti ọparun.

Inú ewé tútù ni Jethro ti ń gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ hẹ́dìmásítà ń tutọ́ èérún ewé dànù, tí Mary ń wá Bíbélì. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì rí i dá dúró. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Nígbà tí òjò dá, wọ́n lọ wo odò. Odò ti kún, ó ti gbé igi afárá lọ. Kò sí ẹni tó ń lọ sílé lọ́jọ́ náà.

"Bàbá," ni Bùsàrí wí jẹ́jẹ́, omi ń ṣàn lára fìlà rẹ̀, "ẹ jẹ́ ká tún un kọ́."

Wọ́n dá nǹkan kékeré kan dúró tí wọ́n sùn sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Ẹtì mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi. Olúrántí ti ṣe Síkáòtù nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó gé ọ̀pá kan, ó ní òun lòun á máa fi wọn gbogbo nǹkan. Jethro ní igi kò kàwé, kò mọ ọ̀pá. Bàbá àti ọmọ bá pín àgọ́ náà sí méjì, kálukú kọ́ apá tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí òpó, apá Olúrántí dúró bí ọmọ ilé-ìwé ní àpéjọ àárọ̀. Apá Jethro ń wo ojú ọ̀nà. Jethro rí i dáadáa. Ó yí ẹ̀yìn sí i kó má baà máa rí i.

Bùsàrí ló ń gé igi fún apá méjèèjì. Ó ń gbààwẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun, síbẹ̀ kò ráhùn. Jethro ń fi ẹ̀ka-èdè Oǹdó pàṣẹ fún un. Ó ní kó mú ìtàkùn èyí tó rọ̀ wá. Bùsàrí ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ó mú igi wá. Jethro fi Oǹdó bú ìtàkùn, ó fi bú igi, ó fi bú Ògbómọ̀ṣọ́ díẹ̀. Bùsàrí ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Jethro dúró. Ó fi Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì bi í pé, "Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Rárá, Bàbá."

"Láti àárọ̀?"

"Láti ìgbà ìgbéyàwó, Bàbá."

Ẹ̀rín àná tún mú Jethro. Ó jókòó sórí ìtì igi, ó nu ojú. Ó wá fi Yorùbá tó yé ara ṣàlàyé ìtàkùn fún àna rẹ̀, èyí tó ń já àti èyí tí kì í já, ó jẹ́ kó fọwọ́ pa á wò.

Níbi ààrò, ogun mìíràn ń lọ. Igi tutù, iná kò fẹ́ ràn. Mary ń fẹ́ ẹ láti ìhà kan, Moríyọ̀ ń fẹ́ ẹ láti ìhà kejì, èéfín tí kálukú ń lé lọ bá ìkejì. Ojú àwọn méjèèjì pọ́n, omi ń dà lójú wọn, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí èéfín. Moríyọ̀ ló kọ́kọ́ sún kúrò níbẹ̀. "Wá síhà tèmi, Ìyàwó," ló wí, "ká jọ fẹ́ ẹ sí Ògbómọ̀ṣọ́." Iná ràn.

Òjò ti lé ìgbín jáde, olú sì ti hù lára igi jíjẹrà. Àwọn ọmọ kó ìgbín wá nínú fìlà bàbá wọn. Moríyọ̀ fọ́ wọn, ó fi eérú àti ewé fọ̀ wọ́n títí wọn ò fi yọ̀ mọ́. Ó ti bẹ iṣu sínú ìkòkò, ó fẹ́ se àsáró. Mary gbé ọwọ́ lé ìdérí.

"Àǹtí mi, Lẹ́ńtì la wà. Ẹran ni ìgbín."

"Ṣé ó lẹ́jẹ̀ ni?"

Wọ́n kọjú sí Olúrántí. Olúrántí, tí òórùn epo àti ata ti ń yọ lẹ́nu, ronú bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ó ní, "Ohun tí kò lẹ́jẹ̀ pupa, tí kò légungun, tí kò sì lè sáré, a ò lè pè é ní ẹran ní kíkún."

"Tí kò lè sáré," ni Jethro wí. "Èmi náà kì í ṣe ẹran mọ́ nìyẹn."

Mary gbé ọwọ́ kúrò lórí ìdérí. Nígbà tí àsáró jinná, ó bu tirẹ̀, ó fọwọ́ bo abọ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì tún wá ìgbín tó sá sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bùsàrí dúró di ìgbà tí oòrùn wọ̀. Ó ní òun ò jẹ ìgbín rí, òun á jẹ olú. Jethro fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa olú jáde fún un.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pàkúté tí Jethro dẹ mú ọ̀yà, kò sì pa á. Jethro gbé àdá, ó dúró, ó wo Bùsàrí. "Tí mo bá pa á, o ò ní jẹ ẹ́."

"N ò ní jẹ ẹ́, Bàbá."

"Wá pa á, mo dì í lẹ́sẹ̀ mú."

Bàbá Ìjọ di ọ̀yà lẹ́sẹ̀ mú, Bùsàrí pe orúkọ Ọlọ́run sí i, ó dúńbú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wí irun rẹ̀, Jethro bi í pé ṣé ìrọ̀lẹ́ ló máa tó jẹ nínú rẹ̀. Bùsàrí ní ti Jímọ̀ lòun gbà lánàá, ṣùgbọ́n tòní, agbára ti pin. Ó ní àwọn àáfà sọ pé arìnrìn-àjò lè jẹun, kó san án padà tó bá délé.

Jethro ronú sí èyí. "Ẹ̀sìn yín mọ́gbọ́n dání," ló wí. "Olúrántí, kí ló dé tí tiwa ò ní irú rẹ̀?"

Olúrántí wúkọ́. Ó ní òun náà kúkú ti Oǹdó wá, ìrìn náà kò sì súnmọ́. Ojú gbogbo wọn wá wà lára Mary. Mary wo ọ̀yà, ó wo òkè, ó wo ọ̀nà tó gbà wá. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ṣì ń ro mí láti Ọjọ́bọ̀." Bó ṣe di arìnrìn-àjò nìyẹn. Itan ló jẹ.

Odò ti fà nígbà yẹn, ẹlẹ́mu sì ti fi igi mìíràn ṣe afárá. Jethro ń retí kí wọ́n di ẹrù. Kò sẹ́ni tó di nǹkan kan. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi, Olúrántí ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ wọn ibi tí yàrá kejì máa wà. Moríyọ̀ ní kí Arakale máa gbọ́ ti ara rẹ̀. Mary ti tú gèlè, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin kan tí kò sí nínú ìwé orin ìjọ, tí kò sì lè wọ ibẹ̀ láéláé. Gbogbo ibi tí Jethro yà sí, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń gbádùn ara rẹ̀. Igi tó ń fẹ̀yìn tì, ọmọ ti gùn ún. Ibi tó ń tọ̀ sí, wọ́n ti sá aṣọ síbẹ̀. Orí ẹní rẹ̀ gan-an, Olúrántí ló ń hanrun lórí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jókòó yí iná ká nírọ̀lẹ́, Olúrántí ní òun ti ranṣẹ́ sí ìjọ lẹ́nu Johnson. Ó ní lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, kàkà kí ìjọ lọ ṣe àríyá Gálílì lábẹ́ ọsàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì bíi tàtẹ̀yìnwá, kí gbogbo wọn máa bọ̀ níbí. Ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ àwọn ìyá, pásítọ̀ àti katikíìsì. Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́. "Wọ́n á lè gbàdúrà fún yín lórí ilẹ̀ yín gan-an, Bàbá."

Jethro fi igi tún iná ṣe.

Ọjọ́ kejì ni Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Mary kò pa á jẹ rí láyé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì kọ́kọ́ fẹ́ dà rú, àfi ìgbà tó gbójú sókè, tó rí i pé ibi tí imọ̀ ọ̀pẹ pọ̀ jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà lòun jókòó sí. Ó já fún kálukú. Wọ́n tò, wọ́n ń yí àgọ́ po, wọ́n ń ju imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n ń kọrin Hòsánnà. Ẹ̀ẹ̀kan ni Jethro bá wọn yí i. Nígbà tí ìlà náà ṣẹ́rí sí ẹ̀yìn àgọ́ lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá Ìjọ kò ṣẹ́rí. Ó gba ojú ọ̀nà odò lọ.

Ó ti dé orí afárá kó tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Bùsàrí ni, ó wà lórí òrùlé tó ń tún ibi tó ń jò ṣe, ó sì ti rí gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ìṣasùn àti àdá Jethro ló gbé lọ́wọ́, pẹ̀lú ewé kan tó fi di ìyókù ọ̀yà.

"Ẹ gbàgbé ẹrù yín, Bàbá."

Wọ́n jọ rìn dé títì. Nígbà tí wọ́n ń gbọ́ lọ́rì Johnson lókèèrè, Jethro ní, "Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé mo lọ sínú igbó lọ́hùn-ún, mò ń wá ibòmíràn."

"Bàbá, mo ti tún gbé ààwẹ̀ lónìí. N ò lè purọ́."

"Ṣé o kì í ṣe arìnrìn-àjò mọ́ ni?"

"Wọn ò yọ irọ́ kúrò fún arìnrìn-àjò."

"Nígbà náà ẹ̀sìn yín kò pé tó bí mo ṣe rò." Jethro gun lọ́rì. Ó bojú wẹ̀yìn. "Tí o bá ń kọjá ní Oǹdó, yà. Ẹ̀yìn ilé ni kó o gbà. Má mú ẹnikẹ́ni wá."

Ó fún Johnson ní ìkìlọ̀ kan tó le, ó ní tó bá lanu lọ́tẹ̀ yìí, òun á ní kí katikíìsì máa gbàdúrà fún un lójoojúmọ́. Johnson pa ẹnu mọ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

Ilé dákẹ́. Gbogbo Oǹdó ti lọ jó Hòsánnà, àwọn ará ilé rẹ̀ wà nínú igbó, gbogbo ìjọ sì gbà pé inú igbó ni Bàbá Ìjọ náà wà. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Jethro ti fèrèsé iwájú, ó bọ́ ẹ̀wù, ó to ààrò kalẹ̀ ní àgbàlá ẹ̀yìn lábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì rí agolo aṣáà rẹ̀ níbi tí Mary fi pamọ́ sí, nínú àpótí aṣọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ó fín in títí ó fi sín. Nígbà tó sín, kò sẹ́ni tó súre fún un. Ó jókòó, ó gbádùn ìyẹn náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bùsàrí gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Ó ní òun sọ fún wọn pé ara bàbá le, pé bàbá ní kí òun má mú ẹnikẹ́ni wá. Wọ́n rò pé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́mu ló wà. Jethro ti yan ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ní ọ̀nà jíjìn, ó bu omi fún àna rẹ̀, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà síwájú rẹ̀. Wọ́n jẹun. Bùsàrí sọ pé ìtàkùn apá Jethro ti ń tú, pé òun ti dì í padà. Jethro ní ó ṣeun. Lẹ́yìn náà ló bi í bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ bàbá rẹ̀, Bùsàrí sì sọ fún un.

Mary ló ká a mọ́. Lọ́jọ́rú, ó padà sílé lóun nìkan, kó lè lọ aṣọ tí yóò wọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó rí bàbá ọkọ rẹ̀ láìsí ẹ̀wù, ìṣasùn wà lórí iná, ọbẹ̀ ń hó nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè pe ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ìgbín. Jethro mọ̀ pé òpin ti dé. Ó na ọwọ́ wá ẹ̀wù.

Mary dúró lórí ìloro. Ó ń rùn fún èéfín, ewé kan ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó wo ìṣasùn, ó wo bàbá. Ohun tó fẹ́ sọ, itan ọ̀yà wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

"Olúrántí ń kọ́ yàrá kẹta," ló wí níkẹyìn. "Ó ní ti katikíìsì ni."

"Kó ṣe ilẹ̀kùn sí i. Kó sì jẹ́ pé ìta ni wọ́n á ti máa tì í."

Mary rẹ́rìn-ín. Jethro kò gbọ́ irú ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀ rí nínú ilé yẹn, ẹ̀rín tó ti inú wá, tó mú un di ara ògiri mú. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbọ́ ìró ọwọ́ lára ilẹ̀kùn iwájú. Ohùn ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni, wọ́n rí i tí Mary wọlé láti títì. Jethro wo Mary. Mary nu ẹnu, ó lọ síwájú, ó la ilẹ̀kùn díẹ̀.

"Bàbá wà nínú igbó," ni Jethro gbọ́ tó sọ. "Ara wọn le, ẹ ṣeun."

"A fẹ́ wọlé gbàdúrà fún wọn, ìyá."

"Ẹ máa gbà á lójú ọ̀nà bí ẹ ṣe ń lọ. Ọlọ́run á gbọ́."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wá, ó fa àpótí ìjókòó sẹ́bàá iná. Ó mú ìpọnbẹ̀, ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá, ata yìí pọ̀."

"Ó pọ̀," ni Jethro wí, ó sì ti igbá omi sí i lọ́dọ̀.